Ẹ̀rọ Tí Mo Yàn fún Táyà Dennis

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ìwé yìí, kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ bẹ̀ yín ní ohun kan. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Mo mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ yẹn fúnra rẹ̀ lè pa ẹlòmíràn lẹ́rìn-ín. Èmi ni mo fà á. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi ń ṣe àwàdà láìrẹ́rìn-ín. Bí mo bá dìde níbi ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Yábàá, tí mo fajú ro, tí mo ní, "Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ kan dé," àwọn kan á ti di ikùn mú. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Lóṣù kẹta ọdún yìí ni mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu àwàdà. Ìjọba fún mi ní aago ara ògiri nígbà ti àkọ́kọ́. Nígbà ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, kò sẹ́ni tó fún mi ní nǹkan kan.

Níyì ni orúkọ mi. Ẹnjiníà ni wọ́n ń pè mí láti Yábàá dé Súrùlérè.

N kì í ṣe ẹnjiníà. Ilé ìkẹ́rù ni mo ti ṣiṣẹ́, ní gáréèjì ìjọba kan ní Ìgànmú. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ka táyà. Mo mọ iye tó wọlé, mo mọ iye tó jáde. N kò fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ọ̀kan rí láyé mi. Ẹnì kan ló pè mí ní Ẹnjiníà níbi ìsọmọlórúkọ kan, mo dá a lóhùn. Bó ṣe di orúkọ nìyẹn.

Dennis ni ọ̀rẹ́ mi láti ilé ìwé. Òun ló máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kí n tó dé ibi tí ẹ̀rín wà. Ethel, ìyàwó rẹ̀, ti ṣe tíṣà títí tó fi fẹ̀yìn tì. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, àrùn rọpárọsẹ̀ mú un lápá òsì. Ọ̀pá ló fi ń rìn. Bó bá jókòó ju wákàtí kan àbọ̀ lọ, àfi kó fẹ̀yìn lélẹ̀.

Ethel ní ẹ̀gbọ́n kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, Àǹtí Sẹ̀gilọlá, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún. Òun ló tọ́ Ethel lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Ó pọ̀n ọ́n, ó fọ ẹnu fún un, ó mú un lọ ilé ìwé. Lẹ́yìn Kérésìmesì, wọ́n pè láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé Àǹtí ti dùbúlẹ̀, kò sì dìde mọ́. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló ń tún sọ.

"Ẹ jẹ́ kí n fojú kan àbúrò mi."

Ohun tó wà nílẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Kí obìnrin kan dé ọ̀dọ̀ obìnrin kejì kó tó kú.

Ayọ̀miídé, ọmọ wọn tó wà lókè òkun, ti fi kárafáánì kan ránṣẹ́ fún wọn: yàrá kékeré tó ní bẹ́ẹ̀dì, tó ní táyà mẹ́rin lábẹ́, tí mọ́tò á máa wọ́ tẹ̀ lé ara rẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló wá wò ó. Dennis ní mọ́tò akẹ́rù Háílọ́ọ̀sì tó lè wọ́ ọ. Ètò náà rọrùn: lẹ́yìn wákàtí kọ̀ọ̀kan, wọn á dúró, Ethel á wọ inú yàrá rẹ̀ lọ, á sùn díẹ̀, wọn á tún máa lọ.

Ayọ̀miídé kìlọ̀ fún wọn lórí fóònù. "Dádì, táyà kárafáánì kò fẹ́ràn kó rọ̀. Tó bá rọ̀, á gbóná. Tó bá gbóná, á bẹ́. Ẹ ra ẹ̀rọ ìfẹ́táyà kékeré tí ẹ lè gbé dání. Láràárọ̀ kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò."

Dennis yíjú sí mi. "Ẹnjiníà, iṣẹ́ rẹ nìyẹn."

"Fi sílẹ̀ fún mi," ni mo wí.

Mo gba ọ̀dọ̀ Lateefah lọ ní Láwáńsọ̀n. Fọkanáísà ni. Bàbá rẹ̀ ló fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún un, òun àti ẹ̀rọ ńlá kan tó ti pupa fún ìpẹtà. Obìnrin náà lè gbé táyà tírélà yí bí ẹni ń yí abọ́. Àwọn ọkùnrin méjì jókòó sórí bẹ́ńṣì rẹ̀, wọ́n ń dúró de mọ́tò wọn.

"Lateefah, irú ẹ̀rọ alágbèéká wo ni wọ́n fi ń fẹ́ táyà kárafáánì?"

Kò gbójú sókè. "Mélòó ni táyà náà ń gbà, Dádì?"

N kò mọ̀.

"Ẹnjiníà ò mọ̀?" Ọ̀kan nínú àwọn ará bẹ́ńṣì ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ má dá a lóhùn, Dádì. Wọ́n kọ ọ́ sára táyà. Kò lè dín ní ọgọ́ta. Ẹ ra èyí tó ní sìlíńdà méjì, tí wọ́n ń fi ẹnu rẹ̀ há orí bátìrì mọ́tò gan-an. Kò rẹwà. Ó wúwo. Ariwo rẹ̀ dà bíi ti ẹ̀rọ ata. Òun ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ má ra èyí tí wọ́n ń kì bọ ihò ìtanná sìgá. Táyà kéékèèké ni wọ́n ṣe ìyẹn fún. Tẹ́ ẹ bá fi dojú kọ ńlá, á gbóná, á dákẹ́."

"Mo mọ̀," ni mo wí.

"Nǹkan kejì. Nọ́ńbà tó ń fi hàn yín nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ti ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ni, kì í ṣe ti inú táyà. Ẹ pa á ná, kẹ́ ẹ tó kà á."

"Mo mọ̀."

Ará bẹ́ńṣì kejì yíjú sí èkínní. "Tó bá mọ̀, kí ló wá ń bi í fún?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lateefah náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu.

Mo ti pa ènìyàn lẹ́rìn-ín ní ìgbà tí n kò lè kà. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí wọ́n rẹ́rìn-ín tí kì í ṣe èmi ni mo sè é fún wọn. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, mo wọ mọ́tò mi.

Ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Múṣín, méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí pákó. Èyí tí Lateefah sọ wà níbẹ̀: ó burẹ́wà, ó wúwo, waya dúdú àti pupa ń jáde lára rẹ̀ bí ìfun. Èkejì wà nínú báàgì aláwọ. Ó ní iná búlúù tó ń fi bátìrì kékeré tirẹ̀ tàn. Nọ́ńbà rẹ̀ ń tàn bíi ti aago ọwọ́. Ó wọ àtẹ́lẹwọ́ mi bí ẹni pé wọ́n wọ̀n ọ́n.

"Dádì, ojú yín jọ ti ẹni tó mọṣẹ́," ni ọmọkùnrin tó ń tajà wí.

Ìyẹn ló pa mí.

"Ẹ fi àtàǹpàkò dí ẹnu rọ́bà yẹn, ẹ wò ó."

Mo fi àtàǹpàkò dí i. Ẹ̀rọ náà kùn. Nọ́ńbà ń gun òkè: ogún, ọgọ́ta, ọgọ́rùn-ún, àádọ́jọ.

"Àádọ́jọ! Mélòó lẹ ń wá?"

"Márùndínláàádọ́rin." Mo ti kọ́kọ́ yà nílé Dennis lọ kà á lára táyà.

"Dádì, ó kù! Ó tún ṣẹ́ kù!"

Mo rò ó wò. Bí mo bá ra èyí tó burẹ́wà, á jẹ́ pé Lateefah ló yàn án. Bí mo bá ra èyí tó rẹwà, èmi ni mo yàn án. Mo gbé èyí tó rẹwà.

Nílé Dennis, ó tan iná búlúù náà, ó pa á, ó tún tàn án. "O dán an wò?"

"Mo dán an wò."

Òótọ́ ni. N kò sọ fún un pé àtàǹpàkò mi ni mo fi dán an wò, èyí tí kò ní táyà lára.

Ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ìrìn-àjò náà, wọ́n ya kárafáánì sí mímọ́ nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ mọ̀ bí a ṣe máa ń ṣe é. Bí ènìyàn bá ra mọ́tò, a ó gbàdúrà sí i. Dennis ní kí a má yọ ẹ̀rọ náà sílẹ̀. Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, wọ́n gbé e lé e lórí. Àlùfáà wo ìwé rẹ̀, kò rí àdúrà kankan tó bá ẹ̀rọ ìfẹ́táyà mu, ó bá dá tirẹ̀ gbà.

"Olúwa, Ìwọ tó mí èémí ìyè sí ihò imú Ádámù, mí sí táyà wọ̀nyí."

"Àmín!"

"Kí o sì bùkún Ẹnjiníà Níyì tó yàn án."

"Àmín!"

Gbogbo wọn ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. Èmi nìkan ni mi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé èmi ni mo kọ àdúrà náà fún Àlùfáà.

Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, Dennis fi tákísì gbé Ethel lọ rí dókítà kí wọ́n tó rìnrìn-àjò. Ó fi kọ́kọ́rọ́ Háílọ́ọ̀sì sílẹ̀ fún mi. "Bá mi fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àárọ̀ ọ̀la la ó gbéra."

Ọ̀sán ni. Oòrùn ń pa kọnkéré. Mo ki ẹnu ẹ̀rọ náà bọ ihò Háílọ́ọ̀sì, mo fi rọ́bà há táyà àkọ́kọ́. Ó kùn. Iná búlúù tàn. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ń kà márùndínláàádọ́rin. Inú mi dùn. Mo rántí ọ̀rọ̀ Lateefah, mo sì kábàámọ̀ pé mo rántí rẹ̀. Mo pa á.

Méjìdínlógójì.

Mo tún tàn án. Òórùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lára rẹ̀, bíi ti ṣìnkáfà tó jóná. Mo fọwọ́ kàn án, mo yọwọ́ kíá. Ó dákẹ́ fúnra rẹ̀. Iná búlúù ṣì ń tàn. Ẹ̀rọ ti dákú, iná rẹ̀ kò mọ̀.

Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. Mo lè wọ mọ́tò, kí n lọ sí Múṣín, kí n ra èyí tó burẹ́wà. Àyè wà. Àmọ́ wọ́n ti gbàdúrà sí èyí. Wọ́n ti pe orúkọ mi sí i. Ta ló ń lọ dá ohun tí wọ́n ti yà sí mímọ́ padà sí ṣọ́ọ̀bù?

Mo pe Lateefah.

Ó dé, ó fi ọmọlanke ti ẹ̀rọ bàbá rẹ̀ wá. Ó wo ohun tó wà nílẹ̀. Ó wo mí. Kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú mi. Ó fẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fi gééjì bàbà rẹ̀ wọ̀n wọ́n lẹ́ẹ̀mejì-méjì. Márùndínláàádọ́rin gééré.

"Dádì, ẹ ó sọ fún wọn pé kékeré yìí ò lè ṣe é, àbí? Tí táyà bá rọ̀ lọ́nà, kí wọ́n wá fọkanáísà ni o."

"Màá sọ fún wọn."

"Ẹ jọ̀ọ́, Dádì. Ẹ má gbàgbé."

N kò gbàgbé. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn dájú. Ẹlòmíràn á gbàgbé, wọn á sì foríjì í.

Ní ìrọ̀lẹ́, Dennis dé. Ó gbá táyà kan nípàá. Ó le koko.

"Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?"

"Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

"Ẹ̀rọ kékeré yìí? Ìṣẹ́jú mélòó?"

"Ogún, fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ń sinmi láàárín."

"Ẹnjiníà!" Ó gbá mi lẹ́yìn. Ó pe Ethel. "Wá wo ohun tí ọ̀rẹ́ mi ṣe."

Ethel dúró lórí ọ̀pá rẹ̀. Ó wo táyà, kò sì mọ ohun tó ń wò, ó kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bùrọ̀dá Níyì, ẹ ṣé. Mo ti di ẹrù Àǹtí. Mo ra súwẹ́tà fún wọn. Wọ́n ní òtútù ń mú wọn ní gbogbo ìgbà."

Mo ní, "Á bá wọn mu."

Nílé, Motọ́lání, ìyàwó mi, bi mí léèrè ìdí tí n kò fi jẹun. Mo ní inú ń run mí. Ó ní, "Bàbá Àánú, irọ́ wo lo tún pa?" Ó ń ṣeré ni. Mo ní táyà mẹ́rin. Ó rẹ́rìn-ín.

Wọ́n gbéra láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ní aago mọ́kànlá, a wà ní ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin. Fóònù mi dún. Dennis ni. Alága ní kí n gbé e sóhùn sókè kí gbogbo wa gbọ́ bí ìrìn-àjò ṣe ń lọ.

"Dennis! Ibo lẹ dé?"

"A ti kúrò n'Íbàdàn. Ẹnjiníà, táyà ẹ̀yìn kan rọ̀ díẹ̀, mo rò pé ìṣó ló gún un. Mo ti gbé ẹ̀rọ rẹ jáde, ó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ gbọ́ ọ?"

A gbọ́ ọ. Ó ti tutù láti àná, ó tún ń kùn nínú fóònù. Ogún ọkùnrin pàtẹ́wọ́ fún un.

"Fọkanáísà kan wà ní òdìkejì níbí," ni Dennis wí, "ó ń juwọ́ sí mi. Mo ní mo ní tèmi! Ó ti ń kà márùndínláàádọ́rin báyìí. Ṣé kí n yọ ọ́?"

"Ẹnjiníà!" ni ẹnì kan kígbe lẹ́yìn. Àwọn yòókù gbè é. "Ẹn-ji-ní-à!"

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Gbólóhùn kan ló wà lẹ́nu mi: pa á kí o tó kà á. Ọmọ ọdún mẹ́rin lè sọ ọ́. Bí mo bá sọ ọ́, Dennis á pa á, á kà á, á ní, "Kí ló dé tó fi jẹ́ ogójì? Ṣebí ìwọ fi fẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lánàá?" Lórí ohùn sókè. Níwájú ogún ọkùnrin.

Mo ka ojú wọn. Mo mọ̀ ọ́n kà.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni mo wí. "Yọ ọ́. Ẹ máa lọ."

"O ṣé, ọ̀rẹ́ mi."

Lẹ́yìn tí wọ́n kọjá Ọ̀yọ́, táyà náà bẹ́. Kárafáánì fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, ó wó sínú gọ́tà, ó sì fa ìdí Háílọ́ọ̀sì tẹ̀ lé ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fara pa. Gbogbo ènìyàn ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi: kò sẹ́ni tó fara pa, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ Ethel ru sókè, ó ń gbọ̀n, kò lè sọ̀rọ̀ dáadáa. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ọ̀yọ́. Dókítà ní kò gbọdọ̀ gbéra títí di ọjọ́ Ajé.

Láti ibẹ̀ dé Ògbómọ̀ṣọ́ kò tó wákàtí kan àbọ̀.

Àǹtí Sẹ̀gilọlá kú láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ó bi wọ́n léèrè pé, "Ṣé wọ́n ti dé?" Wọ́n ní wọ́n ti wà lọ́nà. Ó ní, "Ẹ ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀." Wọ́n ṣí i sílẹ̀.

Mo gbọ́ ọ lẹ́nu Dennis lórí fóònù. Mo ní, "Ẹ kú ìrọ́jú." N kò mọ nǹkan kan lára. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ jẹun. Mo jẹ ẹ́ tán.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n wọ́ kárafáánì padà wá sí Súrùlérè. Dennis ní kí n wá. Ó ti pe fọkanáísà kan láti Láwáńsọ̀n kó wá yẹ àwọn táyà tó kù wò. Mo mọ ẹni tó jẹ́ kí n tó dé ẹnu géètì. Mo lè padà sílé. Mo wọlé.

Ethel jókòó sórí àga níta, súwẹ́tà tó rà fún Àǹtí wà lórí itan rẹ̀. Oòrùn mú gan-an. Kò wọ̀ ọ́. Ó kàn gbé e lé itan.

Lateefah kúnlẹ̀ kí wọn. "Dádì, Mọ́mì, ẹ kú ewu. Ẹ kú àṣẹ̀hìndè ẹ̀gbọ́n yín." Ó rí mi. "Dádì, ẹ kúùrọ̀lẹ́." Ó yíjú sí Dennis. Ohùn rẹ̀ kò le rárá. "Ó dùn mí púpọ̀, sà. Mo sọ fún Dádì yìí pé kí wọ́n kìlọ̀ fún yín pé ẹ̀rọ kékeré yẹn ò lè gbé táyà yìí. Bóyá fọkanáísà ò sí nítòsí ni."

Dennis wò ó. "Ẹ̀rọ wo ni kò lè gbé e? Òun náà ló fẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́jọ́ Ẹtì."

"Rárá o, sà. Èmi ni mo fẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ bàbá mi ni mo fi fẹ́ ẹ. Dádì ló pè mí."

Dennis bú sẹ́rìn-ín.

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ẹ̀rín náà bí mo ṣe gbọ́ ọ. Ẹ̀rín ogójì ọdún ni. Ó na ìka sí mi. "Níyì! Ìwọ lo kọ́ ọmọbìnrin yìí! Lójú ọ̀fọ̀ yìí náà? O ò ní pa mí!" Omi dé ojú rẹ̀. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ethel, wo ojú rẹ̀. Wo bó ṣe fajú ro."

Ethel ti ń wo ojú mi.

"Dennis," ni ó wí, "kì í ṣe àwàdà."

Ẹ̀rín náà kò tán lẹ́ẹ̀kan. Ó ń dín kù díẹ̀díẹ̀, bí táyà tí ìṣó gún. Lateefah sún sẹ́yìn, ó di gééjì rẹ̀ mú láyà.

"Nígbà tí mo pè ọ́ lọ́nà," ni Dennis wí, "o mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Fọkanáísà wà níwájú mi."

"O sọ fún mi."

"Ó ń juwọ́ sí mi, Níyì."

Mo ń wo àwọn táyà tó kù.

Ethel ló sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Ó ń tẹ́ ọwọ́ súwẹ́tà náà, ó ń tún un tẹ́. "Bùrọ̀dá Níyì, ẹ̀yin kọ́ lẹ pa ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún ni wọ́n. Wọ́n á kú náà ni." Ó ká ọwọ́ súwẹ́tà náà. "Ẹ kàn jẹ́ kí wọ́n máa wo ẹnu ọ̀nà ni."

Kò bú mi. Ǹ bá fẹ́ kó bú mi.

Dennis wọlé, ó gbé báàgì aláwọ náà jáde, ó fi lé mi lọ́wọ́. Mo gbé e lọ sílé. Mo sọ ọ́ fún Motọ́lání ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé torí Ẹnjiníà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Orúkọ tí kì í ṣe tìrẹ," ó sì lọ ti fèrèsé.

Ní ìpàdé oṣù tó tẹ̀ lé e, mo dìde. Mo ti pinnu láti sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn, nítorí níwájú gbogbo wọn ni mo ti dákẹ́.

Mo ní, "Ẹ̀yin ará, n kì í ṣe ẹnjiníà."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Mo dúró kó rọlẹ̀. "Ẹ̀rọ tí Àlùfáà gbàdúrà sí, kò fẹ́ táyà kankan. Àtàǹpàkò mi ni mo fi dán an wò."

Alága gbá tábìlì. Ọkùnrin kan tó wà níwájú bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nu omijé. Mo ń bá a lọ. Mo sọ ti Lateefah. Mo sọ ti fóònù. Bí mo ṣe ń sọ òótọ́ tó ni ẹ̀rín ń pọ̀ sí i. "Ẹ jẹ́ ó parí!" ni wọ́n ń sọ fún ara wọn, "ẹ jẹ́ ó parí, ibi tó ń lọ ló dùn!"

Mo ti kọ́ wọn dáadáa. Ogójì ọdún ni mo fi kọ́ wọn.

Dennis dìde ní ẹ̀yìn yàrá. Kò tíì wá sí ìpàdé láti ìgbà náà. N kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

"Òótọ́ ló sọ," ni ó wí. Ó jókòó.

Ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró. Mo gbọ́ fáànù. Mo jókòó, n kò parí ohun tí mo fẹ́ sọ, kò sì sẹ́ni tó ní kí n parí rẹ̀.

Mo bá a lẹ́nu géètì. "Dennis, o ṣé."

"Má dúpẹ́. Ethel ló ní kí n wá gbọ́ bóyá wàá sọ ọ́." Ó ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ nínú àpò. Ó rí i. "Mo máa sọ fún un pé o sọ ọ́." Ó ṣílẹ̀kùn. "Ó dàbọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Níyì."

Láti ilé ìwé, kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí.

Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ síbí nítorí pé ẹ kò rí ojú mi. Wọ́n ní ẹni tó bá sọ ìtàn báyìí gbọ́dọ̀ fi ẹ̀kọ́ parí rẹ̀. Tèmi nìyí. Bí ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀rọ ìfẹ́táyà fún ohun tó wúwo, ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sára táyà. Ẹ ra èyí tó ń gba iná lórí bátìrì. Ẹ fi táyà dán an wò, ẹ má fi ọwọ́ dán an wò. Ẹ pa á kẹ́ ẹ tó kà á. Bí ẹni tó mọṣẹ́ bá sì ń bá yín sọ̀rọ̀ níwájú ènìyàn, ẹ má sọ pé ẹ mọ̀.

Báàgì aláwọ náà wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù mi. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, iná búlúù rẹ̀ ṣì ń tàn. Motọ́lání ní kí n jù ú nù, n kò tíì jù ú.

Àwọn ènìyàn rò pé Àǹtí Sẹ̀gilọlá ni mo máa ń rí bí mo bá dijú. Rárá. N kò mọ ojú wọn. Ọkùnrin kan ni mo máa ń rí, lẹ́bàá ọ̀nà, lẹ́yìn Ìbàdàn, tí òun náà n kò mọ ojú rẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó dìde lórí bẹ́ńṣì rẹ̀. Ó ń juwọ́.